Bàbá Olóríkunkun Inú Ìtàn Mi Kọ̀, Kò Yí Padà

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ìṣẹ́yìn. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn lálẹ́, mo máa ń jókòó kọ ìtàn kéékèèké lédè Yorùbá.

Ìtàn tí mo kọ gbẹ̀yìn dá lórí bàbá ahunṣọ kan tí mo pè ní Bàbá Làmídì. Ìdí òfì ni wọ́n bí i sí, ìdí òfì náà ló gbó sí. Rísíkátù, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé Làmídì tó bí ọmọ náà ń wa ọkọ̀ l'Ékòó. Ọmọ yìí fẹ́ kọ́ òfì híhun. Bàbá ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí: ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì, kí obìnrin lọ máa bá wọn tọ́jú òwú. Ìyá àgbà bẹ̀bẹ̀, ó kọ̀. Olùkọ́ ilé ìwé ọmọ náà wá sílé, ó lé e jáde. Nígbà tó ku ojú ewé kan kí ìtàn parí, mo mú Alfa àdúgbò wọlé. Alfa wàásù fún un dáadáa, ni bàbá bá bú sẹ́kún. Ó ní kí gbogbo ilé dárí ji òun, pé láti ọjọ́ náà lọ òun ti mọ̀ pé kò sí ohun tí ọkùnrin ń ṣe tí obìnrin kò lè ṣe. Ó fa Rísíkátù lọ́wọ́, ó mú un jókòó sídìí òfì. Ìtàn parí.

Mo fi ránṣẹ́ sí olóòtú kan, ó dá a padà. Ó ní ìtàn náà ń wọ òun lára títí ó fi dé ibi tí bàbá ti sunkún, pé láti ibẹ̀ lọ, òun kò gbà á gbọ́ mọ́. Ó dùn mí, kí n má parọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń mú kí olóríkunkun yí ọkàn padà nínú ìtàn tí kò ju ojú ewé mẹ́jọ lọ? Ṣé dandan ni kó yí padà pátápátá? Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní irú ìtàn yìí kò bá àṣà wa mu, ó ní àgbà Yorùbá kì í sọ fún ọmọdé pé òun ṣì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wá yí bàbá yìí lọ́kàn padà?

Olùkọ́ tó ń kọ ìtàn, Ìṣẹ́yìn

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ alẹ́. Ẹni tó fi ọ̀sán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó tún fi òru kọ ìtàn, ó yẹ kí á kí i ká tó sọ ohunkóhun. Má bínú sí olóòtú yẹn. Ẹni tó lè fi ìka sí ibi gan-an tí ìtàn ti já mọ́ òun lọ́wọ́ ti ka iṣẹ́ rẹ tọkàntọkàn. Ọ̀pọ̀ ni kì í kà kọjá ojú ewé kìíní kí wọ́n tó dáni lóhùn.

Alfa tí o mú wọlé ló ba nǹkan jẹ́. N kò bá alfa kankan jà o. Bí o bá fi pásítọ̀ tàbí kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ rọ́pò rẹ̀, ibì kan náà ni yóò já sí. Rò ó wò: ìgbà mélòó ni Bàbá Làmídì ti gbọ́ pé ọmọ obìnrin náà lè ṣe é? Rédíò ń sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, olùkọ́ wá sọ ọ́ débi ẹnu ọ̀nà. Olóríkunkun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ jù ni. Ó ní èsì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti to àwọn èsì náà sílẹ̀ de ẹni tó bá tún fẹ́ wá. Bí Alfa bá wá sọ ohun kan náà ní ojú ewé keje, tí bàbá sì bú sẹ́kún, òǹkàwé yóò béèrè ìdí tí kò fi sunkún ní ojú ewé kejì.

Kí o tó wá ohun tí yóò yí bàbá padà, wá ohun tí agídí rẹ̀ ń ṣọ́. Ènìyàn kì í ṣe agídí lásán. Nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn: ìtìjú kan, ìbẹ̀rù kan, ìlérí kan tó ṣe fún ẹni tó ti kú. Bí òǹkọ̀wé kò bá mọ nǹkan náà, ìwàásù ni yóò kángun sí, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá tó.

Wá ìtàn Chinua Achebe kan kà, “Marriage Is a Private Affair”. Ó wà nínú ìwé rẹ̀ Girls at War and Other Stories tó jáde ní 1972, ṣùgbọ́n ìgbà tí Achebe ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ló ti kọ́kọ́ kọ ọ́. Nnaemeka, ọmọ Ìgbò, ń gbé l'Ékòó, ó sì fẹ́ fẹ́ Nene, olùkọ́ kan tó wá láti Kàlàbá. Okeke bàbá rẹ̀ ti bá a wá ìyàwó sílẹ̀ nílé, ọmọ aládùúgbò wọn. Nígbà tí ọmọ sọ pé ti Nene lòun ń ṣe, bàbá fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́, kò bọ́ sí i, ni ó bá pa á tì. Ọdún mẹ́jọ gbáko. Wọ́n fi àwòrán ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí i. Ó gé apá ibi tí Nene wà kúrò, ó fi í ránṣẹ́ padà sí wọn.

Wo ohun tí Achebe wá ṣe. Àwọn ará abúlé wá bá Okeke kẹ́dùn, ọ̀kan nínú wọn sì dámọ̀ràn pé kó lọ bá oníṣègùn, kí wọ́n fi oògùn dá ọmọ náà padà sí ojú ọ̀nà. Okeke kọ̀ jálẹ̀. Onígbàgbọ́ tó rọ̀ mọ́ ẹ̀sìn rẹ̀ ni, kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyè, ẹnu gbogbo abúlé kò sì ràn án. Ẹ ò rí nǹkan! Agídí tó fi lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn náà ló fi gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ oògùn aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè kórìíra rẹ̀ tán. Ìwà tí a fẹ́ kó fi sílẹ̀ ni ìwà kan náà tí a ń yìn lára rẹ̀, ìlà díẹ̀ péré sì ni Achebe ná lé e. Nínú ìtàn tìrẹ, kí ni a lè fẹ́ràn lára agídí Bàbá Làmídì? Bóyá òun nìkan ló kù tí kò gbà láti fi òwú tí kò dára hun aṣọ fún oníbàárà. Bóyá ó kọ̀ láti ta òfì rẹ̀ nígbà tí ebi wà nílé. Jẹ́ kí òǹkàwé bu ọlá fún agídí náà kó tó di pé agídí náà jẹ ọmọ ilé níyà.

Kí ló wá ṣí ọkàn Okeke? Lẹ́tà kan ni, Nene ló kọ ọ́. Kò gbèjà ara rẹ̀, kò sì jiyàn pé ẹ̀yà kan kò ju ẹ̀yà kan lọ. Ó ní àwọn ọmọkùnrin òun méjì ti gbọ́ pé àwọn ní bàbá àgbà, wọ́n sì ń fẹ́ rí i, òun kò sì rí ọ̀nà tí òun lè gbà sọ fún wọn pé kò fẹ́ rí wọn. Pé kó jẹ́ kí Nnaemeka mú wọn wá sílé nígbà ìsinmi, òun yóò dúró sí Èkó. Obìnrin tí wọ́n gé kúrò nínú àwòrán tún fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kí àwọn ọmọ lè kọjá. Okeke ti mọ odi dí ọmọ rẹ̀, ó ti mọ odi dí Nene, kò rántí mọ odi síbi tí ọmọ ọmọ lè gbà wọlé.

Ó lọ fara ti fèrèsé, kó má baà rò ó. Ojú ọ̀run ṣú, òjò àkọ́kọ́ nínú ọdún bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ máa kọ orin ìsìn kan tó fẹ́ràn lábẹ́lẹ̀, ariwo òjò lórí òrùlé kò jẹ́ kí orin náà já geere. Ó ń rí àwọn ọmọ náà lójú inú rẹ̀, wọ́n dúró síta nínú ìjì, ilé bàbá àgbà wọn tì mọ́ wọn lójú. Lóru ọjọ́ náà, oorun díẹ̀ ló rí sùn. Ìtàn tán síbẹ̀. A kò rí i kó dá èsì lẹ́tà padà, a kò rí i kó gbé ọmọ kankan lé ẹsẹ̀, Nene kò sì dé abúlé. Síbẹ̀, ta ló ka ìtàn yẹn tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí? Ìwọ kọ ẹkún, Achebe kọ àìsùn. Ẹkún ń sọ fún wa pé ó ti parí. Àìsùn kò sọ bẹ́ẹ̀, òun ni a sì gbà gbọ́.

Ọdún mẹ́jọ náà ńkọ́? O lè wí pé ojú ewé mẹ́jọ péré ni tìrẹ. Ìtàn Achebe pàápàá kò gùn. Ó kàn fò kọjá lórí àwọn ọdún náà nínú ìpínrọ̀ kan tàbí méjì, ó sọ bí àwọn obìnrin Ìgbò tó wà l'Ékòó ṣe fara mọ́ Nene díẹ̀díẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ bàbá. Àwọn kan á ní Charles Dickens yí Scrooge padà lóru ọjọ́ kan nínú A Christmas Carol, ní 1843. Òótọ́ ni, àmọ́ iwin Marley àti ẹ̀mí mẹ́ta ló fi ṣe é. Bí o kò bá ní ẹ̀mí mẹ́ta nílẹ̀, má yí arúgbó padà lóru kan.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé arúgbó àti ará oko nìkan ló ń ṣorí kunkun. Nínú ìwé Achebe kan náà, ìtàn “Dead Men's Path”, ọ̀dọ́ ọ̀làjú ni alágídí náà. Michael Obi, ẹni ọdún 26, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé kan ní 1949. Ó rí ipa ọ̀nà tí àwọn ará abúlé ń gbà la ọgbà kọjá, láti ojúbọ wọn lọ sí ibi ìsìnkú, ó sì fi igi àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí i. Àwòrò àgbàlagbà kan wá bá a, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ọ̀nà yẹn ni àwọn tó kú ń gbà lọ, òun náà ni àwọn ọmọ tí a óò bí ń gbà bọ̀. Obi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní iṣẹ́ ilé ìwé ni láti pa irú èrò bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, obìnrin kan kú nígbà tó ń rọbí. Àwọn ará abúlé gbà pé ọ̀nà tí Obi dí ló fà á. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti fa ọgbà òdòdó rẹ̀ tu, wọ́n ti wó ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni alábòójútó òyìnbó dé, ìròyìn tó kọ nípa Obi kò dára. Obi kò yí padà lójú wa. Àwa tí a ń kà á ni a yí padà, torí pé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn Obi ni a wà.

Irú èyí ni àlọ́ wa mọ̀ jù. Wọ́n ní, “Àhun, ìgbà wo lo máa ti àjò dé?” Ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ó tẹ́ lálẹ́ òní, lálẹ́ ọ̀la wọ́n á pa àlọ́ míràn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí. Kò sí ẹni tó ń retí kí Ìjàpá ronú pìwà dà. Àwọn ọmọ tó jókòó yí apàlọ́ ká ni ẹ̀kọ́ wà fún. Àwa tí wọ́n fi àlọ́ tọ́, bí a bá wá jókòó ti ìtàn kúkúrú, ìwà méjì ló máa ń bá wa wọ inú rẹ̀: a ń fẹ́ jẹ olóríkunkun níyà títí yóò fi gbọ́n, tàbí kí á gbé ọ̀rọ̀ tí apàlọ́ máa ń fi kásẹ̀ àlọ́ nílẹ̀ sí ẹnu ẹnì kan nínú ìtàn. Alfa rẹ ni apàlọ́. Àwọn kan yóò sọ pé ìtàn Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Èmi náà gbà, àmọ́ kí ẹ̀kọ́ má gba àga ọlọ́lá jókòó sí níwájú.

Ẹnì kejì tí mo fẹ́ kí o kà ni Raymond Carver, ará Amẹ́ríkà. Ìtàn rẹ̀ “Cathedral” kọ́kọ́ jáde ní 1981, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sọ odindi ìwé ìtàn rẹ̀ kan ní 1983. Ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà kò dárúkọ ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyàwó rẹ̀ kan tó jẹ́ afọ́jú, tí ìyàwó tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ń bọ̀ wá sun ilé wọn mọ́jú. Ọkọ kò fẹ́ rárá. Kò mọ afọ́jú kankan, àwọn tó rí nínú fíìmù nìkan ló fi ń díwọ̀n gbogbo wọn. Wọ́n jẹun, wọ́n mutí, wọ́n mu igbó pàápàá, ìyàwó sùn lọ lórí àga, tẹlifíṣọ̀n sì ń fi àwọn kàtídírà ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù hàn. Afọ́jú ní kó sọ fún òun bí kàtídírà ṣe rí. Ọkùnrin gbìyànjú títí, kò rí i sọ. Ojú rẹ̀ là kedere, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń wò.

Afọ́jú wá ní kó wá bébà tó nípọn àti bírò. Ó rí àpò bébà tí wọ́n fi kó nǹkan bọ̀ láti ọjà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Afọ́jú gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, ni wọ́n bá jọ ń ya kàtídírà: òpó, fèrèsé, ilẹ̀kùn. Afọ́jú ní kó di ojú. Ó di ojú, wọn kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n ní kó là á kó wo ohun tó yà, kò là á. Ó fẹ́ wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Níbo ni ẹnikẹ́ni ti bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ afọ́jú nínú gbogbo rẹ̀? Kò sí. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà, orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lé e bọ̀. Fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni ìtàn tìrẹ dá lé.

Flannery O'Connor kò ní irú sùúrù Carver. Nínú “Revelation”, tó jáde ní 1964, ọdún tí O'Connor kú ní ẹni ọdún 39, ìwé ni ọ̀dọ́bìnrin kan sọ lu Ìyáàfin Turpin lójú nílé dókítà, ó sì pè é ní ìmàdò, ó ní kó padà sí ọ̀run àpáàdì tó ti wá. Gbogbo ayé Ìyáàfin Turpin ló fi ń to ènìyàn sí ipò, ta ló ga, ta ló rẹlẹ̀, tó sì ń dúpẹ́ pé òun kò sí nísàlẹ̀. Ó dé ilé, ó lọ ń fi omi fọ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, ó ń bá Ọlọ́run jà pé kí ló dé tó fi jẹ́ òun. Ìgbà tó bá Ọlọ́run jà tán ló tó rí ìran kan, tí àwọn tí òun ti ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú ń gòkè lọ sọ́run níwájú, tí òun àti irú rẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Má fara wé èyí, ọwọ́ O'Connor ló gbà. Mo kàn fẹ́ kí o rí i pé ìbínú ló ṣáájú. Bí nǹkan bá fẹ́ wọ olóríkunkun lára, líle ló máa kọ́kọ́ le sí i. Bàbá Làmídì fo ìbínú náà kọjá, ó bọ́ sínú ẹkún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, ó rí apá kan, apá kejì ló fojú fò. Àgbà wa ń gbà pé òun ṣì, ẹnu nìkan ni kì í fi í sọ. Bàbá tó ń bínú sí ọmọ kì í rán an níṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bá pè é pé kó lọ bá òun ra obì wá, gbogbo ilé mọ̀ pé ìjà ti tán. Òmíràn á béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ bóyá ọmọ ti jẹun. Òmíràn, bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á fi oríkì dá a lóhùn lẹ́yìn oṣù tó ti ń fi “hùn-ún” dá a lóhùn. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni Bàbá Làmídì yóò ṣe, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò ní sọ pé ohun tí ọkùnrin ń ṣe ni obìnrin lè ṣe. Ẹnu ẹni tó ń kọ ìwé ìròyìn ni gbólóhùn yẹn ti jáde.

Nǹkan kan tún wà tí àwa Yorùbá ní, tí n kì í rí tó nínú ìtàn wa. Bí àgbà bá le koko, ẹbí á kó ènìyàn lọ bá a, àwọn tí kò lè kọ̀ fún: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kù láyé, olórí ẹbí, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá á ní, “Kì í ṣe tirẹ̀ ni mo wò o, tiyín ni.” Ó gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sún kúrò níbi tó wà, gbogbo àwọn tó wà ńbẹ̀ ló sì mọ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tó ń lo ẹ̀bẹ̀ máa ń gbé e sí ìparí, wọ́n rò pé ó ti tán. Àárín ìtàn ni mo rò pé ó yẹ kó wà. Jẹ́ kí bàbá gba ẹ̀bẹ̀ ní ojú ewé kẹrin. Kí Rísíkátù jókòó sídìí òfì, kí bàbá má wo ibi tó wà, kó má kọ́ ọ ní nǹkan kan, kó máa bá àwọn ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin sọ̀rọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Ilé á dákẹ́. Ojú ewé mẹ́rin ló kù fún ọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ wà.

Kí ni agídí bàbá wá ń ṣọ́? Ìwọ ará Ìṣẹ́yìn mọ òfì jù mí lọ, àmọ́ jẹ́ kí n rán ọ létí. Láti ayébáyé ni obìnrin Yorùbá ti ń hun aṣọ, lórí òfì tí a gbé nàró sára ògiri nínú ilé. Òun ni wọ́n fi ń hun kíjìpá. Òfì tóóró tí a ń nà sílẹ̀, tí a fi ń hun sányán, àlàárì àti ẹtù, ló jẹ́ ti ọkùnrin. Bí ọjọ́ orí bàbá yìí bá tó ohun tí mo rò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyá tó bí i hun kíjìpá. Lónìí, obìnrin ń jókòó sídìí òfì tóóró pàápàá, ní Ìṣẹ́yìn ńbẹ̀. Bàbá ń kọjá lára wọn lójoojúmọ́. Kò lè jẹ́ pé kò mọ̀ pé obìnrin lè ṣe é. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin kọ́ ni ohun tí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ohun tó ń fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Lẹ́tà rẹ sọ ohun tí ìtàn rẹ kò sọ. O ní Làmídì ń wa ọkọ̀ l'Ékòó. Ẹyọ gbólóhùn kan, o sì kọjá lọ. Ọmọ ahunṣọ tó yẹ kó jogún òfì ló fi òfì sílẹ̀ lọ wa ọkọ̀, ìwọ fúnra rẹ sì fi orúkọ ọmọ tí kò sí nílé yìí pe bàbá rẹ̀ láti ìlà kìíní títí dé òpin. Ṣé o kò wá rí ohun tí arúgbó yìí ń ṣọ́? Àyè Làmídì ni. Bí ẹlòmíràn bá jókòó síbẹ̀, pàápàá ọmọ tí Làmídì bí, á jẹ́ pé Làmídì kò bọ̀ mọ́. Rísíkátù ń tọrọ iṣẹ́, bàbá ń gbọ́ pé kí òun gbà pé òun ti pàdánù ọmọ. Alfa wo ló lè wàásù sí ìyẹn?

Ibẹ̀ ni kí o wá nǹkan kékeré kan tó máa gba ọ̀nà tí bàbá kò ṣọ́. N kò ní kọ ọ́ fún ọ, àmọ́ mo lè sọ ọ̀kan tó wá sí mi lọ́kàn. Aṣọ ìgbéyàwó wà lórí òfì, oníbàárà ń bọ̀ lọ́la. Ilẹ̀ ti ṣú, iná mànàmáná ti lọ, ojú bàbá kò sì rí bíi ti àtijọ́ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òwú já. Ó ń wá orí òwú náà, kò rí i. Ọmọ tí kò bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ẹ̀bẹ̀ na ọwọ́, ó so ó. Bàbá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó bínú. Lẹ́yìn tí ọmọ ti kúrò níbẹ̀, ó fi àtàǹpàkò wá ojú kókó náà lórí aṣọ, ó wá a lọ, ó wá a bọ̀, kò rí i. Kó béèrè lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ kejì ẹni tó kọ́ ọ. Kí ọmọ ní òun máa ń wo ọwọ́ wọn. Bí bàbá bá tún fẹ́ ṣe nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn, kó ní kí wọ́n gbọn eruku orí òfì Làmídì. Má jẹ́ kó ṣàlàyé. Má jẹ́ kí ìyá àgbà ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwọ̀nba ìyípadà tí ojú ewé mẹ́jọ lè gbà nìyẹn, ó sì tó. Bàbá lè jí lọ́jọ́ kẹta kó tún máa ráhùn pé obìnrin kò mọ òwú ta. Kò ba nǹkan jẹ́. Okeke náà lè máà fẹ́ jókòó jẹun pẹ̀lú Nene ní ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dé. A kò mọ̀, Achebe kò sì sọ.

Nítorí náà, tún ìtàn náà kọ. Bí o bá fẹ́ràn Alfa, fi í sí ojú ewé kejì, kó wàásù rẹ̀ dáadáa, kí bàbá fún un lómi mu, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì padà sídìí òfì rẹ̀. Mú Làmídì wọ inú ìtàn, ì báà ṣe lórí fóònù. Yọ ẹkún kúrò. Bí o bá parí rẹ̀, má wá olóòtú míràn lọ. Ẹni tó dá a padà ni kí o fi ránṣẹ́ sí, torí òun ló ti mọ Bàbá Làmídì, òun náà ló sì lè sọ fún ọ bóyá òun gbà á gbọ́ báyìí.